Akínlolú àti Olè Tí Wọn Kò Tíì Bí

Kò sí ẹni tó mọ Akínlolú ní Àkúrẹ́ tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà, ó ní kí Agnes, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ lé òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n ṣe dé iwájú káńtà, ó fọwọ́ gbá a.

"Ọ̀gá, olè ni mo wá fi sùn."

Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀, Ọmọ́níyì, mú bírò. "Kí lorúkọ ẹ̀, Bàbá?"

"Tọ́ọ̀mù."

"Tọ́ọ̀mù kí ni?"

"Kùáń Tọ́ọ̀mù."

Ọmọ́níyì kọ ọ́ sílẹ̀. "Kí ló jí?"

"Kò tíì jí nǹkan kan."

Bírò dúró. "Níbo ló ń gbé?"

"Òkè òkun. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì bí i tán. Wọ́n ní ó ku ọdún mélòó kan."

Ọmọ́níyì wo Agnes. Agnes wo àjà.

"Bàbá, olè tí wọn ò tíì bí, báwo la ṣe fẹ́ mú un?"

"Ohun tí èmi náà ń bi wọ́n nìyẹn! Wọ́n ní nítorí ẹ̀, kí n kó ẹrù mi kúrò nínú ilé mi!"

Wọ́n rọra sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́níyì ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Tí wọ́n bá ti bí i, ẹ padà wá." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Akínlolú padà lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ti bí i.

Ọmọ Oǹdó ni Akínlolú, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti ta páàtì mọ́tò títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí eegun ò gbé àpótí páàtì mọ́, ó ta ṣọ́ọ̀bù, ó fi owó ẹ̀ ra kọ́ìnì, ìyẹn owó inú fóònù tí kò ní bébà, tí kò sì sí ní báńkì. Ó ní tó bá ti wú díẹ̀, òun á fi kan òrùlé ilé tí àwọn ń kọ́ sí Oǹdó. Ògiri ilé náà ti dúró tipẹ́, òrùlé ni kò sí. Agnes máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé àwọn nìkan ni èèyàn ti ń roko nínú pálọ̀.

Ọjọ́ tó ra kọ́ìnì náà gan-an, ìran ni. Ọlábọ̀dé tó ń bá èèyàn rà á gbé fóònù síwájú rẹ̀, ó fi iye tó wà lójú ẹ̀ hàn án.

Akínlolú yọ ṣùtì. "Ó ti wọ́n jù. Gba ìlàjì."

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ń dá iye lé e. Gbogbo ayé ló ń ná an pọ̀."

"Sọ fún gbogbo ayé pé mo ní ìlàjì."

Ó jókòó, ó ká apá, ó dijú mọ́ fóònù bí ẹni dijú mọ́ ọlọ́jà. Bó ti ń bá a wí, iye náà já wálẹ̀ díẹ̀. Akínlolú yíjú sí Ọlábọ̀dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "O ò rí i? Ó gbọ́ Yorùbá."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Tọ́ọ̀mù dé. Monílọ́lá, ọmọ àbúrò Agnes tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìjàpó, ló wá ṣàlàyé ẹ̀ ní pálọ̀ wọn.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà tuntun kan ni wọ́n ń ṣe lókè òkun. Kùáńtọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ṣe é tán, kò sí àgádágodo àtijọ́ tí kò ní lè ṣí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bójú tó kọ́ìnì yín fi dìbò pé kí gbogbo èèyàn kó tiwọn sínú àgádágodo tuntun kí ọdún yìí tó parí. Ẹni tí kò bá kó o, wọ́n á ti tiẹ̀ pa. Olè ò ní lè fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ín náà ò ní lè fọwọ́ kàn án."

"Ta ni Tọ́ọ̀mù yìí?"

"Kì í ṣe èèyàn, Bàbá. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ tó ní orúkọ, tó tún ní orúkọ bàbá?"

Agnes ní, "Bàbá Gbémiga, ẹ kó o jàre. Òrùlé wa ló wà níbẹ̀."

Akínlolú dìde dúró. "Ìyá Gbémiga, gbọ́. Tọ́ọ̀mù ò tíì dé. Àwọn wọ̀nyí ti dé. Ẹni tó bá lè jókòó sílùú òyìnbó kó ti ilé mi pa, tí n ò sì ṣẹ̀ ẹ́, ta ni olè nínú òun àti Tọ́ọ̀mù?"

Monílọ́lá ò fẹ́ gbà. "Ṣùgbọ́n Bàbá, tí Tọ́ọ̀mù bá kó tiyín, ọjà ló máa gbé e lọ. Á tà á lọ́pọ̀, tèmi tó wà nínú àgádágodo tuntun náà á di yẹpẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín nìkan."

Akínlolú ronú sí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ó hàn lójú ẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Kí wọ́n wá bẹ̀ mí."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn."

Kì í ṣe ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Oǹdó á rántí ọ̀rọ̀ Kìtán, aládùúgbò rẹ̀ tó wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní òun tọrọ ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Akínlolú gbà, ó tún ní kó fẹ̀ ẹ́ sí i kí mọ́tò lè wọlé. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn kan tó ní àwọn fẹ́ fẹ títì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri rẹ̀ láìkí i. Akínlolú ò jà. Ó ra ọ̀dà pupa tiẹ̀, ó fa ìlà sára ilẹ̀kùn mọ́tò wọn. "Ẹ̀yin náà," ó ní, "ẹ ṣí kúrò níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù àwọn tó ni kọ́ìnì náà kárí ayé. Ojúlówó Oǹdó ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì gùn. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan òun títí wọn yóò fi wá kí òun ní Àkúrẹ́, bí wọ́n bá sì ń bọ̀ kí wọ́n pe òun kí òun lè wà nílé. Kò pẹ́, ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn.

Akínlolú fò sókè. "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́!"

"Wọ́n tẹ kí ni?" Agnes ń gé ilá lọ́wọ́.

"Àdéhùn! Àtàǹpàkò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ṣé o ò rí i ni? Bí ìwọ náà ṣe tẹ̀ka nígbà tí a ra ilẹ̀ Oǹdó."

Agnes gba fóònù, ó wò ó dáadáa. Ó ti tẹ̀ka sí nǹkan púpọ̀ rí láyé ẹ̀. "Ṣùgbọ́n Bàbá Gbémiga, tàdáwà tiwọn dà?"

Akínlolú gba fóònù ẹ̀ padà, ó tì í bọ àpò.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bèèrè ẹni tó ní ìbéèrè àdúrà. Akínlolú dìde. "Ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n má bí Tọ́ọ̀mù." Alàgbà Tọ́ọ̀mù Oríọlá jókòó síwájú ẹ̀ gan-an, ẹni àádọ́rin ọdún, ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Akínlolú," ó ní, "ó ti pẹ́ jù."

Ọdún ń lọ sópin nígbà tí àìsàn dá Akínlolú dùbúlẹ̀. Ní ọsibítù, ẹ̀mí rẹ̀ ń fà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rọ̀. Monílọ́lá pe Agnes síta, ó ní àsìkò ti ń tán, tí Bàbá bá sì lọ láìsọ àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí àgádágodo kọ́ìnì náà, òrùlé Oǹdó ti tán nìyẹn. Agnes gbọ́ ọ tán. Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Kò ní kí ó kó o. Kò dárúkọ Tọ́ọ̀mù.

"Bàbá Gbémiga, mo wá tọrọ nǹkan."

"Kí ni?"

"Kọ́ìnì yẹn. Gbogbo ẹ̀. Ẹ fún mi."

Ó wò ó. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Èwo ló kàn yín ńbẹ̀? Tí ẹ bá ti fún mi, ṣé kì í ṣe tèmi ni?"

Akínlolú bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ikọ́, tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ìyá Gbémiga, o rí mi mú." Ṣùgbọ́n kò lè fi sílẹ̀ láìná an. Wọ́n ná an títí wọ́n fi fẹnu kò sí dòdò àti ẹja díẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ rí.

Ó wá kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí náà, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní a-bí-dí. Agnes ń sọ wọ́n bó ṣe gbọ́ wọn, òun ń tún un ṣe. "Kì í ṣe láádì. Láádà. Àkàsọ̀ ni." "Kí ni àkàsọ̀ ń ṣe nínú owó?" "Dákẹ́, kí o máa gba ẹ̀bùn." Nígbà tó fi máa kà á tán láìṣì í, dòdò ti tán nínú abọ́, Akínlolú sì ti sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ.

Agnes àti Monílọ́lá jókòó ti fóònù náà kí ọdún tó pé. Agnes ń pe ọ̀rọ̀, Monílọ́lá ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ti bọ́ sínú àgádágodo tuntun, Monílọ́lá mí kanlẹ̀. "Màmá, Bàbá náà ti wá kó o nìyẹn."

"Ta ló kó o?" Agnes bojú wò ó. "Bàbá yín ò kó nǹkan kan. Inú àgádágodo tiẹ̀ ló wà títí tó fi kú. Èmi ni mo kó tèmi."

Kọ́ìnì náà kò wú tó bí Akínlolú ṣe fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó tó páànù, ó tó igi, ó tó owó kápẹ́ńtà. Ní òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀sán gangan, Agnes jókòó nínú pálọ̀ Oǹdó lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Òjò náà ń lu páànù kíkankíkan, kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ nǹkan mìíràn, kò dáwọ́ dúró, kò sì fẹ́ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Agnes gbójú sókè.

"Bàbá Gbémiga," ó ní, "ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo. Ó jọ yín."