Ògiri Tí Ìyá Mi Bà Jẹ́

Òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ báyìí tí ilẹ̀ sì rú òórùn rẹ̀ jáde, ọkàn mi a padà sí àdúgbò wa ní Ìdí Arẹrẹ, sí àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí tí gbogbo ilé wa ń rùn fún amọ̀ tútù, ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè mọ́jú láti fi rẹ́ ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ òórùn yẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a gbọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a yínmú. Wọn ò mọ̀ pé òórùn ilé tuntun nìyẹn nígbà tiwa.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó ti bá àwọn òyìnbó tó ń ṣe ojú irin ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó sì padà wálé, ojú rẹ̀ ti là sí fèrèsé ńlá àti ẹnu ọ̀nà gíga. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ilé ńlá ni o, ilé amọ̀ tó yí àgbàlá ká, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú, koríko orí rẹ̀ sì ti dúdú fún èéfín. Bàbá mi ní òun yóò tún un ṣe láti yàrá dé yàrá. Apá rẹ̀ kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ilé yìí kò ní parí láéláé, bàbá mi a ní, “Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.” Ìyá mi a rọra dá a lóhùn láti ibi ìdáná pé ẹlẹ́dẹ̀ tàwọn yìí mà ti ń pẹ́ lẹ́nu ọgbà jù.

Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ní obìnrin tó pọn òun, tó ru igi títí tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú, kò gbọdọ̀ darúgbó sínú ilé tí òjò ń jò sí. Mo bi í léèrè nígbà kan pé báwo ni Ìyá Àgbà yóò ṣe mọ̀ pé ilé náà ti lẹ́wà, nígbà tí kò ríran. Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi kò mọ́gbọ́n wá. Ó ní, “Àwọn tó bá wá kí wọn yóò rí i, wọn yóò sì sọ fún wọn.”

Àfọ́jú lóòótọ́ ni Ìyá Àgbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fà á lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń ríran. Ó máa ń gbé e lé ara ògiri, a sì máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti iyẹ̀wù rẹ̀ dé ibi ìdáná, dé balùwẹ̀, dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú níbi tó ti máa ń jókòó ran òwú. Ògiri àtijọ́ yẹn kún fún àpá. Ibì kan wú, ibì kan jin, ibì kan ti sán láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n. Òpó kan wà tí àwọn ewúrẹ́ ti fi ara họ títí tó fi ń dán. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Àgbà mọ̀. Èmi náà a máa di ojú mi tẹ̀ lé e, n ó sì lọ forí sọ òpó ewúrẹ́ yẹn.

Láti iwájú ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹnu ọ̀nà sókè, ó la fèrèsé, ó kó koríko orí ilé dànù, ó sì kan páànù. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí páànù náà, gbogbo wa la sá jáde. Ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé yòókù ló ń rẹ́ ògiri, torí iṣẹ́ obìnrin ni rírẹ́ ògiri àti pípa ilẹ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n bàbá mi dúró tì wọ́n gbọin-gbọin. Kò fẹ́ kí ipa ìka ẹnikẹ́ni hàn níbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló fi pákó tó ti fá dán ra ojú ògiri títí tó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó tó ní kí wọ́n fi ẹfun kùn ún. Bí yàrá kan ti ń tẹ̀ lé òmíràn, ilé wa ń funfun sí i, ó ń dán sí i, àwọn tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ a sì dúró wò ó. Bàbá mi a gbọn ẹ̀wù rẹ̀, a ní, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Èmi náà a sì máa yan kiri bí ọmọ ọba.

Ọwọ́ tíṣà kan la ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan ti wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kúdẹtì, ó sì wá kí bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú aṣọ funfun gbòò. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán ni, kò tíì gbẹ. Ìyá Àgbà gbọ́ ohùn àlejò, ó sì ń jáde bọ̀ láti kí i. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tuntun, èyí tó ga ju orí ọkùnrin lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ ilé náà. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Tíṣà rò pé òun ni màmá arúgbó ń kúnlẹ̀ fún.

“Yéè! Mo gbé! Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má fi ayé mi tàfàlà!” Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìgbẹ́ màlúù tútù.

Ìyá Àgbà gbọ́ gbì. Ó ní, “Ta ló ṣubú yẹn? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé e dìde.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá mi fọ aṣọ tíṣà, ó tún un fọ̀. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó gbé sókè, ó sì ń wo ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ kọjá níbi tí kò ti sí ohun tí yóò gbá a lórí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni èyí tó burú ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ró aṣọ mọ́ àyà, ó ń lọ sí balùwẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ògiri sì ń yọ̀ lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láì sọ nǹkan kan fún un. Ó kọjá ibi tó yẹ kó yà. Ìgbà tí yóò fi mọ̀, ojú ọ̀nà ló wà, láàárín àwọn tó ru ẹrù lọ sọ́jà, pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo yẹn lára. Aládùúgbò wa kan ló fà á lọ́wọ́ wálé. Ó wọ iyẹ̀wù rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tí bàbá mi kò tíì fọwọ́ kàn, ó jókòó sórí ẹní, kò sì dá jáde mọ́. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá yáàrùn díẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, mo ti di àlejò nínú ilé yìí. Àlejò kì í rìn káàkiri ilé onílé.”

Bàbá mi ní kí n máa mú un kiri. Áà, inú mi dùn! Èjìká mi wá di ọ̀pá ìtilẹ̀ Ìyá Àgbà, mo sì ń fi yangàn sí àwọn ọmọ ilé yòókù. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti wá wúwo. A máa wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé mi, a sì máa bi mí pé, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ò ní lọ ṣeré ni?” N ó ní mi ò lọ. Bí mo bá lọ pọnmi, kò jẹ́ ké sí ẹlòmíràn. Ńṣe ló máa ń jókòó, tó ń pa ìtọ̀ mọ́ra títí n ó fi dé.

Ìyá mi ló ṣàkíyèsí èyí. Ìyá mi kì í pariwo. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi ń mu ẹ̀kọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín ba ògiri yín jẹ́.”

Bàbá mi rò pé òun ṣì í gbọ́. Ìyá mi wá ṣàlàyé pé òun fẹ́ fi amọ̀ tútù rẹ́ ìlà kan sójú ògiri yí ilé ká, níbi tí ọwọ́ Ìyá máa ń tó, kí òun sì tẹ àmì sí i, kí ibi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

“Ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi ra títí ó fi dán! Kí ni o fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wí?”

“Wọ́n á ní ìyàwó yín ò mọ ògiri rẹ́.”

Bàbá mi gbé ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ yọjú wo iyẹ̀wù ìyá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú irin tó fi ń fá pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹfun kúrò lára ògiri rẹ̀.

Òun ló gbé igbá amọ̀ fún ìyá mi ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn obìnrin ilé wa ń kígbe pé, “Ẹ wá wo baálé ilé tó di ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó!” Ó ń rẹ́rìn-ín, amọ̀ ń kán sí i láyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, ìyá mi yí ṣùkù àgbàdo lójú amọ̀ títí tó fi kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀nà balùwẹ̀, ó fi ìka fà á bí omi tó ń ṣàn. Ní ẹnu yàrá bàbá mi, ó gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi eyín ayùn náà tẹ ojú amọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ìta ló fi sílẹ̀ bó ti wà, kó máa dán, kí ọwọ́ tó bá kàn án lè mọ̀ pé òde ló kù. Nígbà tó dé ẹnu iyẹ̀wù Ìyá Àgbà, ó pè mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ amọ̀ títí òtútù fi dé ọrùn ọwọ́ mi.

Nígbà tó gbẹ tán, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún Ìyá Àgbà. Mo ti dúró sẹ́nu iyẹ̀wù, mo tẹ èjìká mi sílẹ̀ fún un. Ó na ọwọ́, ó bá àtẹ́lẹwọ́ amọ̀ yẹn pàdé, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, “Kúrò lọ́nà, Àbẹ̀kẹ́.” Ó ń lọ. Ó dé ibi ìdáná, ó ní, “Àgbàdo rè é. Ìyàwó, ebi ń pa mí o.” Ó lọ dé balùwẹ̀, ó padà. Ó dé ẹnu yàrá ọmọ rẹ̀, ó fi ìka wo ipa eyín ayùn náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kan ilẹ̀kùn. Inú ilé ni bàbá mi wà. Ó ń sunkún.

Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún tèmi yàtọ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo sá lọ. Ìyá mi wá mi kàn níbẹ̀. Mo ní Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn mi mọ́, kò fẹ́ di èjìká mi mú. Ìyá mi fi ọwọ́ tó kún fún eérú ìdáná nu ojú mi, ó sì bà á jẹ́ sí i. Ó ní, “Wọ́n fẹ́ràn rẹ. Lọ ṣeré.”

Ó pẹ́ gan-an kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn, ńṣe ni yóò dì í mú ṣinṣin. Èmi náà ti wá darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ mi dára, Ọlọ́run a bá mi dá wọn sí. Bí mo bá ti fẹ́ dìde lórí àga, wọ́n ti gbá mi lápá mú: “Màmá, ẹ rọra o! Màmá, ẹ má ṣubú!” Orúnkún ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà ibi ìdáná mi. Mo máa ń jọ̀wọ́ apá mi fún wọn, torí mo rántí bí ó ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni tó bá ń mú àgbà kiri.

Lánàá, ìyàwó ọmọ mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí òùngbẹ gbẹ mí. Mo dìde. Òun náà dìde díẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì tún padà jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo rìn dé ibi ìdáná, mo bu omi mu, mo sì padà wá jókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un, mo súre títí ó fi bi mí pé, “Màmá, kí ni mo ṣe?”

Mo ní kò ṣe nǹkan kan, ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ súre gan-an nìyẹn.