Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Mutí

Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, lèmọ́mù wa kìlọ̀ pé igbó mímu ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa, kí òbí kọ̀ọ̀kan ṣọ́ ọmọ tirẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀, ó ní, “Mo dúpẹ́, tèmi kì í mutí.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin òbí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òjòwò, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ nínú ẹgàn Màmú. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wálé, kó lè kírun Jímọ̀ pẹ̀lú wa. Ẹmu pọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ẹmu sì ń ba ìyá wa ju ẹ̀rù igi tó lè wó lu ọmọ rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ ẹrù ni ìyá wa á ti na ọrùn sí i:

“Lanu. Mí sí mi nímú.”

Ẹ̀gbọ́n mi á mí, á máa rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, ṣé ẹ bá ẹlẹ́mu nínú ẹnu mi?”

“Alihamudulilahi! Ọmọ mi ò mutí.”

Bí aṣọ rẹ̀ bá ń rùn èéfín, iná tí wọ́n ń dá nínú ẹgàn ni. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ìyẹ̀fun igi ló kó sí i. Kò sí èyí tí ìyá wa kò ní àlàyé fún.

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kéwú fẹ́ ṣe wòlímọ́tù, nítorí wọ́n ti ka Kùránì parí. Ìyá wa ti ra láwàní àti ẹ̀wù funfun sílẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀, àfáà ní kí wọ́n wá kà á fún òun gbọ́ lójú àwọn òbí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ Yásín, èyí tó ti ń kà láti kékeré bí ẹni ń mumi. Ó dé àárín, ó ṣìnà sínú súrà mìíràn, ó padà, ó tún ṣìnà. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan.

“Kí lò ń mu?” ni àfáà bi í.

Ìyá wa fò dìde. “Àfáà, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀! Kò mutí!”

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn. “Ewé lásán ni, Àfáà. Àwọn ọ̀gá wa ló ń fún wa fà, kó má baà rẹ̀ wá. Kì í ṣe ọtí.”

“Ohun tó bá ti ń gba làákàyè lọ́wọ́ ẹni, ọtí ni.” Àfáà kò pariwo. Ìyá wa ló fìdí balẹ̀, tó ń sunkún.

Wọ́n ṣe wòlímọ́tù láìsí ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ìyá wa kò jẹ́ kó padà sí ẹgàn mọ́. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì í, kó máa kéwú sí òun létí. Ara ẹ̀gbọ́n mi balẹ̀ nígbà tó yá, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò lè ka Yásín já mọ́ láìwo ìwé.

Láyé ìgbà náà, inú ẹgàn ni ọmọ ti ń bá igbó pàdé. Lónìí, ó wà lẹ́yìn ògiri ilé wa, ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè níbi tí a rán wọn lọ kàwé, wọ́n tilẹ̀ ń pò ó mọ́ bisikíìtì tí kò rùn rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́ títí, kí ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Èyí tó bá ti ń mu ún, ẹ má lé e jáde, ẹ má sì tìtorí ìtìjú fi í pamọ́. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn.