Kásẹ́ẹ̀tì Tonton

Títí dòní, bí ẹnìkan bá fọwọ́, tó nù ún gbẹ, kó tó mú nǹkan, ojú máa ń tì mí. Bẹ́ẹ̀ ni Tonton, àbúrò ìyá mi ní Tchatchou, ìlú tí kò jìnnà sí ibodè Nàìjíríà, ṣe máa ń ṣe kó tó fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ rẹ̀. Látìgbà tí ìjọba tí a dìbò yàn ti dé, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tú ẹrù wò ní ibodè mọ́, ló ti ń gba ibodè Kika lọ rà wọ́n ní Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n ṣe níwọ̀nba, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn, nìkan ló ń wá. "Èyí ò ní tún jáde mọ́," ni yóò wí, á sì tì í padà sínú àpótí.

Nígbà tí mo bímọ, ẹni tó ya fídíò ìkómọ ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì wá tí òun máa gbà á sí. Mi ò ní. Mo mú ọ̀kan nínú ti Tonton. Mo ní wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní mọ̀.

Ọjọ́ tí a jókòó wò ó, Tonton ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ìkómọ parí, kásẹ́ẹ̀tì ò tíì tán, ni ìparí fíìmù Tonton tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun dìde.

"Tonton, pardon, ẹ dárí jì mí."

Ó lọ fọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó kọ orúkọ ọmọ mi sí i lára, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Rọra mú un," ló wí. "Èyí náà ò ní tún jáde mọ́."