Igi ube tí mo gé nítorí tẹlifíṣọ̀n

Mo ra èso ube ní Rumuomasi lónìí.

Àdúgbò yìí náà ni mo gbé ní nǹkan bí 1984. Igi ube kan wà láàárín ọgbà wa. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayálégbé máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, a ó máa fi èso rẹ̀ jẹ àgbàdo sísun.

Ni mo bá ra tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ rárá. Mo ní igi yẹn ló ń dí áńtẹ́nà mi lọ́nà.

Mama onílé wa bẹ̀ mí: "My pikin, abeg leave am. Na my mama plant am."

Mo ní, "Mama, na only small branch I go comot."

Ọjọ́ tí Mama lọ sóko, mo ní kí agégi gé e láti ìdí.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn gbé àpótí ìjókòó wọn wọlé, wọn ò gbé e jáde mọ́.

Àwòrán ò kúkú mọ́. Ẹni tó wá tún un ṣe ní wáyà ló já, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti gé tí kò ṣeé so padà?