Ọjọ́ Tí Ìyàwó Àbúrò Mi Pè Mí Lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, torí ó ti sú mi láti máa dá a rò.

Ọmọ mi obìnrin bímọ sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́! Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi àti Ìyá Múlíkà, ìyàwó àbúrò mi, wọkọ̀ ní Ṣakí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n débẹ̀ kí Ààfáà tó pe orúkọ, torí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọmọ náà ní orúkọ ìyá mi.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ọ̀hún gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bàrùbá ni, láti òdìkejì bọ́dà. Bàbá mi bí mi sí Ṣakí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá mi ni wọ́n ti kọ ilà tó wà lójú mi. Ilà yìí! Nínú ọkọ̀ mélòó ni wọn ò tíì tìtorí rẹ̀ sọ̀ mí kalẹ̀? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró, mo ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ ìjókòó.

Àwọn aṣọ́bodè tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró. Ọ̀gá wọn wo ojú mi, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó sì béèrè káàdì ìdánimọ̀ mi. Káàdì wà nínú báàgì tí mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Báàgì òde ni mo gbé lọ́jọ́ náà. Oge ló kó bá mi!

Mo ní ọmọ Ṣakí ni mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa máa ń wí. Gbogbo àwa wo? Ó béèrè ẹni tó mọ̀ mí nínú ọkọ̀, Ìyá Múlíkà sì yára bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá náà yà wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sọ fún un pé Sàlámátù lorúkọ mi. Ó wá lọ bi Ìyá Múlíkà léèrè orúkọ mi.

"Eyínfúnjowó ni," ni Ìyá Múlíkà wí.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí agboolé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé tó bá nílé ọkọ lórúkọ, orúkọ àpọ́nlé ló máa ń fún un. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ló ti ń pè mí ní Eyínfúnjowó. Eyín ọ̀hún ti ń ká o, ṣùgbọ́n orúkọ náà dúró digbí.

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní irọ́ wa ò tiẹ̀ bára mu. Dírẹ́bà ṣàlàyé, àwọn èrò ṣàlàyé. Ó ní kí obìnrin náà pe orúkọ mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ máa lọ, kí èmi dúró. Ìlú tó jìnnà ló ti wá, kò mọ àṣà wa, n kò sì lè torí ìyẹn bá a jà. Àmọ́ ẹ wò ó, orí ilẹ̀ bàbá mi ló dúró sí tó ń pè mí ní àlejò. Orílẹ̀-èdè kan náà la sì jọ ni o. Kí ni kí n wí? Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rẹ̀ mí.

Àwọn èrò ti ń pòṣé. Ìyá Múlíkà wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ òde rẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, kó máa bá ọkọ̀ lọ. Ó dìde, kò wojú mi.

"Sàlámátù ni wọ́n ń jẹ́," ló wí fún ọkùnrin náà. "Ọmọ Ṣakí ni wọ́n."

Ọ̀gá ní ká máa lọ. Bó ṣe parí nìyẹn! Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni, n kò mọ̀ pé ó lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Títí a fi dé Ìsẹ́yìn, etí ìborùn rẹ̀ ni Ìyá Múlíkà fi ń nu ojú.

Ààfáà ti sọmọ lórúkọ kí a tó dé. Wọ́n ní àwọn dúró títí. Mo gbé ọmọ, mo rọra pe orúkọ ìyá mi sí i létí, àmọ́ àwọn èèyàn ti ń jẹun, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi tó yẹ kí wọ́n wò nínú ilé wà lójú ọ̀nà, mo ń ṣàlàyé ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a padà délé, Ìyá Múlíkà wá kí mi lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, ẹ káàárọ̀ mà. Ó mọ síbẹ̀. Mo ní ta ló ń kí.

"Eyínfúnjowó, ẹ ò jíire bí?"

Mo ní a dúpẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí káàdì yín máa wà lára yín, pàápàá ẹ̀yin tí ojú yín bá ń ṣe wọ́n bí ojú àlejò. N kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ òun ni mo rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí orúkọ inú káàdì gba orúkọ ilé lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bi yín rí pé níbo lẹ ti wá, ní ìlú tí wọ́n bí yín sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín nílé mọ́ ọn.