Oògùn Tí Ìfẹ́olúwa Dà Sí Ṣáláńgá

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Florence ti ń lo oògùn HIV. Yàtọ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Ìkọ̀lé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rò pé ilẹ̀ ló ń gbá ní kílíńìkì. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó máa wá àwọn ọ̀dọ́ tí kò wá gba oògùn wọn mọ́, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà.

Ìfẹ́olúwa ló ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, inú oyún ló ti kó àrùn náà, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Láti oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn tó wọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, kò gbé fóònù mọ́.

Florence bá a lórí ibùsùn nínú yàrá tó háyà, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ, ó ń húkọ́.

"Ìfẹ́, oògùn rẹ ńkọ́?"

"Mo dà á sí ṣáláńgá, Mọ̀mí. Ọlámidé tá a jọ ń gbé ló kọ́kọ́ rí oògùn náà, ó yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí fóònù. Látọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ife rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Florence bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún. Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Ọlámidé fi wọlé. Florence ṣí báàgì, ó mú oògùn tirẹ̀ jáde, ó sì gbé e mì lójú àwọn méjèèjì.

"Oògùn kan náà lèmi náà ń lò. Ọmọ méjì ni mo bí, àrùn náà kò sí lára wọn. Ká jọ jẹun ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni."

Ọlámidé tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó ti màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni."

Ìfẹ́olúwa yíjú padà. Ó gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀; dókítà ò ṣèlérí kankan.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìsinmi, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ màmá Ọlámidé; Florence nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò dúró gba ìwàásù. Ó gba ọ̀nà wọ́ọ̀dù lọ.

"Mọ̀mí, ṣé mi ò pẹ́ jù kí n tó wá síbí?" Ìfẹ́olúwa bi í.

Florence gbé orí ọmọ náà sókè, ó gbé omi sí i lẹ́nu.