Èènì Inú Ọ̀rá

Ọyáyẹmí ni orúkọ tí wọ́n sọ ìyá mi. Abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀fàdà ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àwọn ọlọ́ya tí ń gbin ìrẹsì. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ohun tí ó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó lè wo ìrẹsì lórí àtẹ kí ó sọ fún ọ bóyá wọ́n bọ̀ ọ́ jinná àbí wọ́n kánjú, ó sì lè ṣa òkúta inú odindi kóńgò kan tán kí omi tí a gbé kaná tó hó. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó fi ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní ọjà kékeré kan ní Adigbe. Ọjà náà kò sí mọ́. Pílásà ni ó wà níbẹ̀ báyìí.

N ó sọ bí ó ṣe rí, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ti ń gbàgbé. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun dúró lábẹ́ igi ọdán inú ọjà, wọ́n sì ka ìwé kan sí àwọn obìnrin létí. Ìwé náà ní Adigbe ti ń dàgbà, àwọn ènìyàn ń kọ́lé, owó ń wọlé, ọjà orí àtẹ kò bá ìgbà mu mọ́. Ó ní wọn yóò kọ́ ilé ìtajà alájà méjì, àti pé àwọn tí wọ́n bá lórí ìsọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìyá mi náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi í sínú báàgì, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀. Katapílà dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ Pílásà. Nígbà tí wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo ka ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélógún. Fóònù, oògùn, bàtà, irun àtọwọ́dá, adìyẹ díndín. Kò sí ẹyọ kan tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó sí ọjà yẹn rí. Àwọn obìnrin náà ti tú ká. Asiata, tí ń ta ẹ̀pà, ń gbé igbá kiri Pánṣẹ́kẹ́. Mọ̀nsúrát, tí ń ta ata, gbé àtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìyá mi ń tà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Igbein, níbi tí ènìyàn mẹ́rin ń kọjá lójúmọ́, tí mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ẹbí tí kì í sanwó.

Lẹ́yìn náà ni súpámákẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìdajì ìsàlẹ̀ Pílásà sọ pé òun fẹ́ ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó gbé ìrẹsì lọ fún àyẹ̀wò. Mánẹ́jà wọn, Christianah, ọmọbìnrin tí kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, se ti oníkálùkù, ó sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Òkúta ló ń wá. Inú ti ìyá mi nìkan ni kò ti rí ọ̀kan.

Ó gbé ọ̀rá márùndínláàádóje fún wa, tí wọ́n ti tẹ "kílò kan" sí lára. Ó ní kí á di ọgọ́fà, kí ó dé ní Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nítorí pé Sátidé ni wọn yóò ṣí pẹpẹ náà. Bí ó bá dára, pẹpẹ jẹ́ tiwa fún ọdún kan. Bí kò bá dára, ilé iṣẹ́ kan láti Èkó ti di tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Kò sí ọ̀nà kẹta. Pẹpẹ yẹn ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ògúnyọmí, kó ìrẹsì wá láti oko. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi ṣà á. Ní Ọjọ́rú, mo gbé síkéèlì kékeré sórí tábìlì. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì tíì rí ẹni tí yóò san owó fún mi nítorí rẹ̀. Ó kéré tán, mo lè wọn kílò kan. Mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń nà án sẹ́yìn sí ìyá mi, ó ń fi ẹ̀rọ tí a yá dí i. Ọgọ́fà ọ̀rá. N kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, Christianah gbé ọ̀rá àkọ́kọ́ sórí síkéèlì tiwọn, èyí tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà. Kílò kan àti gíráàmù àádọ́rin. Ó gbé èkejì: gíráàmù márùndínlọ́gọ́rùn-ún lé. Ẹ̀kẹta: ọgọ́ta lé.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára ọ̀rá yìí?"

"Kílò kan," ìyá mi dáhùn.

"Kí ni síkéèlì ń wí?"

Ìyá mi wò mí. Mo sọ pé kílò kan géérégé ni mo wọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Òótọ́ ló sọ," ìyá mi wí. "Kílò kan ni. Ìyókù, èènì ni."

Christianah gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Èènì."

"Ẹ̀ẹ́n. Títílọlá ọmọ mi yìí wọ̀n ọ́n tán, mo wá bu èènì lé e kí n tó dí i. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa ta ìrẹsì láìsí èènì ni?"

"Mà, síkéèlì wa ò mọ èènì. Èyí tó bá fi gíráàmù mẹ́wàá jù, tàbí tó fi mẹ́wàá dín, kò gbọdọ̀ wọlé. Òfin wọn nìyẹn, kì í ṣe tèmi."

"Ọmọ mi, n kò yọ níbẹ̀ o. Mo fi kún un ni."

"Mo mọ̀, Mà. Ká ní ẹ yọ níbẹ̀ ni, mo mọ ẹni tí ǹ bá fẹjọ́ yín sùn. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè."

Ọkùnrin tí ń nu ilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Christianah wo aago. Ó ní ará Èkó yẹn ti ń pe òun láti àárọ̀, òun lè fi ọ̀rọ̀ dá a dúró di aago mẹ́rin, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

A kó ọgọ́fà ọ̀rá padà sínú Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó gbé wa wá. Zàíd, ọmọ àdúgbò wa, ló ń wà á. A kò tíì kúrò ní Adigbe tí mo fi bi ìyá mi bóyá ó mọ ohun tí ó ṣe.

"Títílọlá, bí mo bá wọn ìrẹsì fún ènìyàn, tí mo wá ká ọwọ́ mi kò bẹ́ẹ̀, kí ni yóò pè mí?"

"Yóò pè yín ní súpámákẹ́ẹ̀tì."

Zàíd wúkọ́.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ̀yìn obìnrin yìí ni mo ti dàgbà. Mo ti rí i tí ó wọn kóńgò, tí ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, tí ó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fúnra rẹ̀ padà sínú àpò ìrẹsì láti bu èènì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Lójú rẹ̀, ìwọ̀n kò tíì parí bí ọwọ́ kò bá tíì padà. Mo mọ èyí, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i ní odindi ọjọ́ kan. Ìdajì àṣìṣe náà jẹ́ tèmi, n kò sì yọ ara mi nínú rẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni a délé. Iná ti lọ, ẹ̀rọ tí a fi ń dí ọ̀rá kò wúlò. Mo pe Asiata, mo pe Mọ̀nsúrát. Kí ìṣẹ́jú ogójì tó pé, àwọn méjèèjì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Asiata mú àbẹ́là méjì àti ìlàrí tí a fi ń la irun wá. Báyìí ni àwọn ẹlẹ́pà ti ń dí ọ̀rá kí ẹ̀rọ tó dé: wọn a ká ẹnu ọ̀rá mọ́ eteetí ìlàrí, wọn a fi í kọjá lára iná wéré, yóò lẹ̀ pọ̀.

"Ọyáyẹmí," Asiata wí bí ó ti jókòó, "èènì inú ọ̀rá tí o ti dí pa. Ta ni yóò rí i kó kí ọ?"

"Kò dìgbà tí wọ́n bá kí mi."

"Ẹ má dá Asiata lóhùn," Mọ̀nsúrát wí. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Èènì rẹ̀ kò lè yó eku."

"Ìwọ ńkọ́? Ata tó ti ń rà ni ìwọ fi í ṣe èènì."

"Èmi ṣáà fún wọn."

A pín iṣẹ́. Èmi ń gé ẹnu ọ̀rá tínńtín, ìyá mi ń bu ìrẹsì jáde, Mọ̀nsúrát ń wo síkéèlì, Asiata ń fi àbẹ́là dí i. Ìyá mi bu ti ọ̀rá mẹ́ta. Mọ̀nsúrát gbé wọn sórí síkéèlì: gíráàmù ogún lé, márùndínlọ́gbọ̀n lé, ogún lé. Ó tún bu ọ̀kan. Ó ṣì lé.

"Màmá," mo wí, "ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò nínú ìrẹsì."

"Mò ń bù ú."

"Ẹ kò bù ú. Ẹ̀ ń tọ́ ọ wò."

"Jẹ́ kí n bọ́ síbẹ̀," Asiata wí. "Mọ̀nsúrát ti jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ mi le."

Bẹ́ẹ̀ ni Asiata ṣe bọ́ sídìí ìrẹsì, ìyá mi sì gba àbẹ́là. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń yá. Ọ̀rá méjì jóná, a fi tuntun rọ́pò wọn nínú márùn-ún tí ó ṣẹ́kù. Ní aago méjì kọjá, gbogbo rẹ̀ ti parí, ìrẹsì tí a bù jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bẹ́sìn kan. Mo wọ̀n ọ́n. Kílò mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e kaná," Asiata wí. "Ebi ń pa mí."

"Kì í ṣe tiwa," ìyá mi wí.

"Ta ló ni ín?"

"Àwọn tó máa ra ọ̀rá."

"Àwọn tí o kò tíì rí?"

"N ó rí wọn."

Ó da aṣọ bo bẹ́sìn náà. Gàrí ni a mu.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá ni Zàíd gbé wa dé ẹ̀yìn Pílásà. Ọkọ̀ funfun kan láti Èkó ti wà lẹ́nu géètì, wọn kò pa á, awakọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ búrẹ́dì. Christianah ní kí wọ́n kó tiwa wọlé. Ó fa ogún ọ̀rá yọ láti ibi tí ó wù ú, láti ìsàlẹ̀ àti láti àárín.

Kílò kan. Kílò kan. Gíráàmù mẹ́ta lé. Kílò kan. Gíráàmù méjì dín. Ó ń pè é, mò ń kà á lọ́kàn. Ẹ̀kẹtàdínlógún fi gíráàmù mẹ́sàn-án dín. Christianah dúró. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ẹnu ọ̀rá tí àbẹ́là ti sọ di dúdú díẹ̀. Asiata ni ó bu ìyẹn, kò sí àní-àní.

"Mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́wàá," ni Christianah wí, ó sì gbé èkejìdínlógún.

Nígbà tí ó fọwọ́ sí ìwé wa tán, ó jáde lọ bá awakọ̀ yẹn sọ̀rọ̀. A gbọ́ tí ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ìyá mi wá dojú kéèsì ohun mímu kan dé, ó jókòó lé e, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni n kò fi gbọ́ irú èémí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ká ìwé tí Christianah fọwọ́ sí fún wa. Mo fi í sápò.

"Mà," Christianah wí nígbà tí ó padà, "nítorí Ọlọ́run, ẹ má bu èènì sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"N kò ní bù ú sínú rẹ̀," ìyá mi wí. Christianah rò pé ó ti gbà. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n gbọ́ "sínú rẹ̀" yẹn dáadáa.

Ní Sátidé, wọ́n ta ribọ́n sí iwájú pẹpẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ọdún 2021 wá, ó sì sọ̀rọ̀ lórí bí Pílásà ṣe gbé àwọn obìnrin ọjà ga. Obìnrin ọjà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Mo ṣì rántí orúkọ ọkùnrin náà àti ti àwọn méjì yòókù. Bí mo ti ń yọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò fi wọ́n kún ayọ̀ náà.

Bàbá Fálúyì, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́kọ́ ra. Ilé kẹta sí tiwa ní Igbein ni ó ń gbé, ó sì ti jẹ́ oníbàárà ìyá mi láti ìgbà ìsọ̀. Lois, ọmọbìnrin tí ń gbowó, fún un ní rìsíìtì. Bàbá gbà á, ó dúró.

"Ó ti parí, sà," Lois wí.

"Kò tíì parí. Èènì mi dà?"

Lois wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ lókè nílẹ̀. "Kò sí níbí, sà."

Ìyá mi na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. "Bàbá, ó wà nílé. Ẹ yà tí ẹ bá ń lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni ó yà, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún àti rìsíìtì lọ́wọ́ òsì. Ìyá mi gba rìsíìtì náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, ó dá a padà. Ó ṣí bẹ́sìn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan.

"Ẹ fi díẹ̀ sí i," Bàbá wí.

Ó fi díẹ̀ sí i. Ó da aṣọ bo bẹ́sìn náà padà, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́fà," ó wí.